Ojú Àpá Kò Jọ Ojú Ara: Ọ̀rọ̀ Irorẹ́ fún Àwọn Ọmọ Ilé Wa

   

Nínú ìwé yìí, a máa ń kọ nípa orin, nípa ìtàn, nípa èèwọ̀ àti bí a ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà. Lónìí a fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kì í sọ níwájú ojúbọ, bẹ́ẹ̀ ó ń dun àwọn ọmọ wa gan-an. Irorẹ́ ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ó ti lé ní ogún ọdún tí a ti ń kọ́ ọmọ ní ilé yìí. A mọ ọmọ tí ó ń wolẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀, a sì mọ ọmọ tí ó ń wolẹ̀ nítorí pé kò fẹ́ kí ènìyàn rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun. Àwọn méjèèjì kò jọra rárá.

Àwa àgbà máa ń yára sọ pé ìwà l'ẹwà. Òótọ́ ni, a kò ní da ọ̀rọ̀ náà nù. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ ìwà l'ẹwà fún ọmọ ọdún 15 tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń pe ojú rẹ̀ ní pizza, kí ẹ wò ó bóyá omijé rẹ̀ á gbẹ. Kò ní gbẹ. Ọ̀ṣun tí a ń sìn yìí ńkọ́, ṣé kì í wẹ̀ ni? Ṣé kì í fọ ide rẹ̀? Ìtọ́jú ara kì í ṣe ìgbéraga.

Èyí tí ó burú jù ni ohun tí àwọn ọmọ ń rò nípa ara wọn. Ọmọkùnrin kan rọra bi wá léèrè pé ṣé Ọbalúayé ló ń bá òun jà. Ó ti gbọ́ pé òrìṣà yìí ló ni àrùn awọ ara, ó wá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Rárá o. Àrùn tí àwọn baba wa mọ̀ mọ́ Ọbalúayé, èyí tí wọn kì í fẹ́ dárúkọ, tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ẹ́gbóná, òun ni òyìnbó ń pè ní smallpox. Ó ń pa ènìyàn. Ẹni tí kò bá pa, á fi ihò sí i lójú. Ẹni ìkẹyìn tí ó kó o láàrin ìgboro jẹ́ ará Sòmálíà, ní ọdún 1977. Nígbà tí ó di 1980, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé kò sí mọ́ ní ilé ayé. Irorẹ́ kì í ṣe ọmọ rẹ̀, kì í ṣe àbúrò rẹ̀. Kì í ràn, kì í sì í ṣe ìyà ẹ̀ṣẹ̀. Bí Ifá tàbí ẹ́ẹ́rìndínlógún bá ní kí ẹ rúbọ, ẹ rú u. Oògùn ojú ṣì wà lọ́tọ̀.

Kí ni irorẹ́ gan-an? Lábẹ́ awọ ojú wa, ní ìdí irun kọ̀ọ̀kan, àpò kékeré kan wà tí ó ń ṣe ọ̀rá, ọ̀rá yìí ló ń mú kí awọ jọ̀lọ̀. Nígbà tí ọmọ bá ń bàlágà, ara á mú kí àpò yìí ṣe ọ̀rá ju bó ti yẹ lọ. Awọ tí ó ti kú á dí ẹnu ihò, ọ̀rá á há sínú. Kòkòrò kan tí ojú kò lè rí, tí ó ti ń gbé lára gbogbo wa tẹ́lẹ̀, á máa pọ̀ sí i níbẹ̀. Ara á gbógun tì í: ibẹ̀ á wú, á gbóná, á ṣọyún. Ẹ rí i pé ìdọ̀tí kọ́ ló fà á. Ọmọ tí ó ń fi kànìnkànìn ha ojú lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́, ṣe ló ń dá kún un. Àgbà náà ń ní in, pàápàá àwọn obìnrin, nígbà tí nǹkan oṣù wọn bá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ó wá ku ohun tí àwa fúnra wa ń fi kún un, ní ilé òrìṣà.

Ọ̀nà Lukumí ni ilé wa ń tẹ̀lé, láti ọwọ́ àwọn àgbà Kúbà. Ẹ mọ òfin ìyàwó: aṣọ funfun fún ọdún kan, orí bíbò, kò gbọdọ̀ kun àtíkè, kò gbọdọ̀ kun ètè, fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ wo dígí. Ìyàwó kan wà lọ́dọ̀ wa, ọmọ ọdún 17, Yemọja ló ni orí rẹ̀. Kí ó tó wọlé, irorẹ́ bíi mélòó kan ni ó ní. Ní oṣù kejì, gbogbo iwájú orí rẹ̀ ti kún, ó gba ẹ̀bá etí sọ̀ kalẹ̀. Kò lè wo dígí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń sọ fún un. Ojú àwọn tí ó ń wò ó náà ń sọ fún un. Ó ní òun kò ní wá sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́. Ìyá rẹ̀ ní ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bóyá orí òun kò gba òrìṣà ni. Ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀? Irorẹ́ lásán ló fẹ́ mú ọmọ kúrò lẹ́sẹ̀ òrìṣà.

A ní kí ojúgbọ̀nà rẹ̀ ṣàlàyé bí ó ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Pẹ̀lú ìfẹ́ ni, a kò sì bá a wí. Láràárọ̀, ó ń fi ọ̀rá kòkó, èyí tí àwọn ará Kúbà ń pè ní manteca de cacao, àti ẹfun pa á lórí kí orí lè tutù. Ní alẹ́, ó ń fi òróró àgbọn sí i kí irun tí a fá lè hù dáadáa. Lẹ́yìn náà ó ń fi aṣọ funfun di í pinpin. Ọ̀rá á yọ́, á ṣàn sí iwájú orí, aṣọ á sé e mọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú òógùn, títí di alẹ́. Ọ̀rá kòkó àti òróró àgbọn wà lára àwọn ọ̀rá tí ó tètè ń dí ihò awọ. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ní ọdún 1970, àwọn dókítà kan kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà tí ó ń kun ọ̀rá sí irun ń ní irorẹ́ sí iwájú orí àti ẹ̀bá etí. Wọ́n pè é ní pomade acne. Ẹ fi orúkọ ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ ọ́ sọ́kàn, Albert Kligman. A ó padà bá a.

Àwa àgbà ilé jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan ní ìpara ojú kò gbọdọ̀ kan ìyàwó, pé ẹ̀ṣọ́ ni, èèwọ̀ ni. A ní ó dáa, bí ìyàwó bá ní àtọ̀gbẹ, ṣé a ó gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni? Wọ́n ní rárá. A ní kí ni ìyàtọ̀? Ohun tí a fi ń ṣe ara lóge ni èèwọ̀, ohun tí a fi ń wo ara sàn kì í ṣe èèwọ̀. Ọ̀rọ̀ náà gbà wá ní wákàtí mẹ́ta, a sì fẹnu kò. Ọ̀rá kòkó àti ẹfun á dé àtàrí, ibi tí ó yẹ kí ó dé, a ó sì fi aṣọ tútù nu iwájú orí lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ orí á jẹ́ òwú, kò ní fún jù, a ó máa fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Aṣọ ìrọ̀rí náà bẹ́ẹ̀. Nítorí pé ìyàwó kò lè wo dígí, ojúgbọ̀nà fúnra rẹ̀ ni yóò máa fi oògùn pa á lójú, ní alẹ́ alẹ́. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn ní ilé wa. Ẹ̀yin ọmọ ilé mìíràn, ẹ bi àgbà yín, ilé kò jọ ilé.

Ohun kan yà wá lẹ́nu, ó sì dùn mọ́ wa. Àwọn ìyàwó tí kì í wo dígí fún oṣù mẹ́ta kì í fún irorẹ́ wọn bíi ti àwọn yòókù. Ọmọ tí ó dúró níwájú dígí ni ọwọ́ rẹ̀ ń lọ síbẹ̀. Àwa kò rò pé àwọn àgbà ìgbàanì fi òfin dígí lélẹ̀ nítorí irorẹ́, ẹ má gbọ́ ohun tí a kò sọ.

Nígbà tí a fẹ́ dárúkọ oògùn, bàbá kan nínú wa, babalóòrìṣà tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí wọ́n bí ní Philadelphia níbí, gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ mọ ara ta ni wọ́n fi dán oògùn yẹn wò?” Ilé pa lọ́lọ́.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ fún ẹ̀yin ọmọ, ìtàn ìlú wa ni. Ọgbà ẹ̀wọ̀n kan wà ní àríwá ìlà-oòrùn Philadelphia tí a ń pè ní Holmesburg. Láti 1951 títí di 1974, dókítà Albert Kligman, ti Yunifásítì Pennsylvania, ń dán oògùn àti kẹ́míkà wò lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n ibẹ̀. Ènìyàn dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń san fún wọn, wọn kò sì ṣàlàyé ewu rẹ̀ fún wọn bó ti yẹ. Wọ́n fi ìpara sí wọn lẹ́yìn, wọ́n fi ọṣẹ, wọ́n tilẹ̀ fi dioxin pa wọ́n lára, kẹ́míkà olóró tí ó ń mú irorẹ́ burúkú jáde. Ọ̀pọ̀ wọn gbé àpá náà dé sàréè. Láti ọwọ́ dókítà yìí kan náà ni tretinoin ti jáde, oògùn irorẹ́ tí wọ́n ṣe láti ara fítámì A, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1971. Allen Hornblum kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan, Acres of Skin, ní 1998. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn yunifásítì náà tọrọ àforíjì ní 2021, ìlú Philadelphia náà tọrọ tirẹ̀ ní 2022. Kligman ti kú ní 2010.

A kò lè sọ fún bàbá pé kó gbàgbé. Ta ni yóò gbàgbé irú èyí? Ohun tí a sọ fún un ni pé owó oògùn yìí, awọ ara àwọn ènìyàn wa ni wọ́n fi san án. Bí àwọn ọmọ wa kò bá wá lò ó, tí àpá sì wà lójú tiwọn náà, a ti san án lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Bàbá dákẹ́. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kàn ní bí a bá máa kọ orúkọ oògùn sínú ìwé àwọn ọmọ, kí a kọ́kọ́ kọ ìtàn Holmesburg. A ti kọ ọ́.

Ó wá yá. Oògùn méjì ni ẹ lè rà láìsí ìwé dókítà, ní ilé oògùn èyíkéyìí ní Amẹ́ríkà. Ẹ wo ẹ̀yìn ìgò, kí ẹ ka orúkọ, ẹ má wo àwòrán. Èkíní ni benzoyl peroxide. Ó ń pa kòkòrò inú ihò. Èyí tí ó jẹ́ ìdá 2.5 nínú 100 ń ṣiṣẹ́ bíi ti ìdá 10, kò sì ta ojú tó o, nítorí náà ẹ má fi owó ra ìrora. Ó ń mú àwọ̀ kúrò lára aṣọ. Ìyàwó tí ó wọ funfun kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n táwẹ̀lì búlúù màmá yín á di aláboyún-ún funfun, wọn á sì pariwo lé yín lórí. Ẹ má gbé e sínú ọkọ̀ nígbà ooru, ooru ń bà á jẹ́.

Èkejì ni adapalene, àbúrò tretinoin. Ìwé dókítà ni wọ́n fi ń rà á tẹ́lẹ̀, láti 2016 ni ìdá 0.1 rẹ̀ ti bọ́ sórí àtẹ. Ó ń jẹ́ kí ẹnu ihò ṣí. Ní alẹ́ ni kí ẹ lò ó. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò le fọ ojú, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ mú èyí tí ó tó hóró ẹ̀wà kan, ìyẹn fún gbogbo ojú o, kì í ṣe fún irorẹ́ kan. Orí ibi tí irorẹ́ ti ń yọ nìkan kọ́ ni kí ẹ fi sí, gbogbo agbègbè rẹ̀ ni, nítorí pé èyí tí yóò yọ lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀ ti wà nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ojú á gbẹ, á pàápàá dàbí ẹni pé ó burú sí i ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń sọ ọ́ nù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá ni kí ẹ fún un. Ìyàwó tí ó lè fara da ọdún kan nínú funfun, ṣé oṣù mẹ́ta ló máa le fún? Aboyún kò gbọdọ̀ lo adapalene tàbí tretinoin. Azelaic acid ni kí ó bi dókítà rẹ̀ léèrè, ó ń tọ́jú irorẹ́, ó sì ń mú àmì dúdú rọlẹ̀.

A dé orí àpá wàyí. Àwọn àgbà ní ojú àpá kò jọ ojú ara. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹ rí lẹ́yìn irorẹ́ ni àpá. Lára àwa ènìyàn dúdú, bí irorẹ́ bá lọ, àmì dúdú á dúró. Ìyẹn kì í ṣe àpá. Ojú rẹ̀ tẹ́jú, ẹ fi ìka kàn án, ẹ ó rí i. Àwọ̀ ara ló kó jọ síbẹ̀, á lọ fúnra rẹ̀, ó lè gba oṣù díẹ̀, ó lè gba ọdún kan. Oòrùn ń mú kí ó pẹ́. Nítorí náà ẹ kun ìpara tí ó ń dènà oòrùn, SPF 30 sókè, àwọ̀ dúdú náà nílò rẹ̀. Èyí tí wọ́n po iron oxide mọ́, tí ó ní àwọ̀ pupa bí ilẹ̀, ló dára jù fún àmì dúdú. Àwọn yòókù máa ń sọ ojú di funfun bí ẹni tí ó kun ẹfun, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ọdún kọ́ ni.

Àpá gidi ni èyí tí ó jin kòtò tàbí èyí tí ó wú sókè. Kòtò kì í kún fúnra rẹ̀, ìpara kankan kò sì lè dí i. Àwọn dókítà ní abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ àti iná laser tí wọ́n fi ń tún un ṣe, owó rẹ̀ pọ̀, ó sì lè fi àmì dúdú mìíràn sílẹ̀ lára wa bí ọwọ́ ẹni tí ó ń ṣe é kò bá mọ awọ dúdú. Kí ó má ṣẹlẹ̀ rárá ló sàn. Irorẹ́ ńlá, tí ó le nísàlẹ̀, tí ó ń dunni, òun ló ń gbẹ́ kòtò. Èékánná ló tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá fún irorẹ́, ọyún tí ẹ rò pé ó jáde, ìdajì rẹ̀ wọlé lọ. Ọwọ́ yín tí ó mú obì, tí ó mú ìbọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ lára irorẹ́.

Èyí tí ó wú, tí ó ń dàgbà ju ibi egbò lọ, keloid ni. Ó wọ́pọ̀ lára wa ju ti àwọn òyìnbó lọ, ó fẹ́ràn àyà, èjìká, ẹ̀yìn àti ìsàlẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé yín bá ní in, ẹ má fi irorẹ́ àyà ṣeré. Abẹ́rẹ́ ni dókítà fi ń mú un rọlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má kàn gé e, bí a bá gé e láìsí ìtọ́jú mìíràn, á tún hù, á tóbi ju ti àkọ́kọ́. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń fá orí kodoro, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn yín. Bí ẹ bá bá kókó wẹ́wẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe irorẹ́ gidi, irun àti abẹ fífá ló ń fà á. Ẹ fi irun sílẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì tètè lọ fi han dókítà.

Ọmọ kan bi wá pé ilà ojú ńkọ́, ṣebí àpá ni? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Olóòlà mọ ibi tí ó ń fi abẹ sí, ẹbí ló sì ní kí ó kọ ọ́, ilà ń sọ ọmọ ẹni tí o jẹ́. Àpá irorẹ́ kò sọ nǹkan kan.

Ẹ má lọ ra kíríìmù abóra láti fi lé àmì dúdú. Nínú ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀ ní ọjà, mercury wà níbẹ̀, clobetasol wà níbẹ̀. Clobetasol á mú ojú dán fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà á mú irorẹ́ tuntun jáde, á sì sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Hydroquinone pàápàá, láti 2020, wọn kò gbọdọ̀ tà á láìsí ìwé dókítà ní Amẹ́ríkà. Ọṣẹ ìfọyín, omi ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ pẹ̀lú oòrùn lè jó awọ bí iná. Ọṣẹ dúdú ńkọ́? A fẹ́ràn rẹ̀, a fi ń wẹ orí, a fi ń wẹ ara, ṣùgbọ́n ó le fún ojú tí ó ń lo adapalene. Ẹ má pa á pọ̀.

Nígbà wo ni kí ẹ lọ bá dókítà awọ ara? Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí oògùn kò ṣiṣẹ́. Bí irorẹ́ bá le, tí ó wà nísàlẹ̀, tí ó ń dunni. Bí ẹ bá rí kòtò kan ṣoṣo, ẹ má dúró de èkejì. Bí ọkàn yín bá ti ń bàjẹ́ nítorí rẹ̀, ìyẹn náà tó. Nínú ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà awọ ara Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2024, wọ́n ka àpá àti ìbànújẹ́ ọkàn sí ìdí tí a fi lè fún ènìyàn ní isotretinoin, oògùn mímu tí ó lágbára jù lọ nínú gbogbo wọn. Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ó sì ń ba ọmọ inú jẹ́ gidigidi, nítorí náà obìnrin tí ó ń mu ún kò gbọdọ̀ lóyún rárá, àyẹ̀wò oyún á sì máa wáyé lóṣooṣù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pín tirẹ̀ fún ọ̀rẹ́.

Ẹ kó gbogbo ìgò tí ẹ ń lò sínú àpò, kí ẹ gbé e lọ fún dókítà, títí kan àgbo, títí kan ọ̀rá kòkó. Bí ẹ bá jẹ́ ìyàwó, ẹ sọ fún un pé ẹ kò lè wo dígí títí di oṣù báyìí, pé ẹlòmíràn ló ń bá yín fi oògùn sí i. Kí ojúgbọ̀nà bá yín wọlé, òun ni kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn. Ìyàwó Yemọja tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè yìí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ, àwọn méjèèjì nínú aṣọ funfun, ojúgbọ̀nà ló di ìwé oògùn mú.